Ọmọ Ọjọ́ Márùn-ún

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo sin ọkọ mi, Olúgbénró, a pààrọ̀ ìpìlẹ̀ ètò wẹ́ẹ̀bù tó kọ fún ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ọgbà sí ẹ̀dà tuntun. Ọdún 2006 ni, ní ọ́fíìsì wa ní Ìlúpéjú. Olúgbénró náà ló kọ àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ ètò náà wò, bóyá nǹkan ti bàjẹ́.

Mọ́kànlá nínú wọn kùnà. Ẹ̀dà tuntun ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́ nínú déètì. Mo tún ìyẹn ṣe, mẹ́wàá yege. Ó ku ẹyọ kan.

Ọ̀gá wa, Alàájì Kàsúmù, ń múra àtilọ kírun Jímọ̀.

"Bọ́sẹ̀dé, kí ló ń ṣe eléyìí?"

"Ẹ̀dà tuntun kì í gbà kí àyè orúkọ ṣófo, sà. Ìdánwò yìí sì ní kó gba ọmọ wọlé láìlórúkọ."

"Ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ̀ ń sọ ọmọ kan lórúkọ mẹ́wàá!" Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ 'Béébì' síbẹ̀ jàre."

"Nílé yín náà, ọjọ́ kẹjọ lẹ ń sọmọ lórúkọ, sà."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ aago mẹ́rin òní tí ilé ìgbẹ̀bí ń retí wa ò ní dúró dọjọ́ kẹjọ. Bí kò bá gbọ́, pa ìdánwò náà rẹ́."

Ó jáde. Mo ṣí ìdánwò náà láti pa á rẹ́. Obìnrin. Kílò méjì àbọ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2004. Ọjọ́ orí rẹ̀: ọjọ́ márùn-ún.

Ọmọ wa ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ náà kú, akọ̀wé ilé ìwòsàn ní àyè orúkọ nínú ìwé òun kò gbọdọ̀ ṣófo, ó sì kọ "Béébì." Olúgbénró ká ìwé náà sápò. Kò mẹ́nu kan ọmọ náà mọ́ títí ó fi kú. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Mo bínú sí i fún ìyẹn, mi ò sì sọ fún un.

Mi ò kọ "Béébì." Mo kọ ọ́ sínú ètò pé bí ọmọ kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, kó má ṣe béèrè orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Alàájì dé, ó wo ojú mi, kò ṣàwàdà mọ́.

"Ó ti gbà?"

"Ó ti gbà á wọlé, sà."

Àyè orúkọ ṣófo. Olúgbénró ti yan orúkọ kan fún ọmọ wa nígbà náà, ó ní ó di ọjọ́ kẹjọ kí n tó gbọ́ ọ.