Ṣọ́ọ̀kì Nínú Wáàsí

"Ṣé ó ti rí i?"

Enoch mẹkáníìkì ló béèrè. Àǹtí Sẹ̀kínát, tó ni ìsọ̀, ń wò mí. Èmi ń wo kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọkọ̀ lásán ni ọkùnrin náà ń wá.

Ní Owódé Onírin, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ohun tí ìsọ̀ kan ò bá ní, wọ́n á lọ mú un ní ìsọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ ọjà ọwọ́ wọn ránṣẹ́ síra wọn. Èmi ni mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Nílé wa ní Ìkòsí, bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, ìdáhùn ti dé. Níbí, oníbàárà á dúró títí, á sì bínú lọ.

"Ìlérí," Àǹtí pè mí, "bí Enoch bá fi lọ, wàá yọ nǹkan yìí kúrò lónìí. Ẹnu ni mo fi ń béèrè tẹ́lẹ̀, ebi ò sì pa mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Ẹ fi sílẹ̀," Enoch ní. "Bóyá ọkọ̀ ojú omi ni kọ̀ǹpútà yín wọ̀ lọ wá a ní Agboyi."

Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà ló gbó. Mo yá wọn ní tèmi, kò yára. Mo rò pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo kó gbogbo rẹ̀ relé, ó sáré. Mo wá ṣíwọ́ àbá dídá. Mo ní kí ètò náà máa sọ orúkọ ohun tó bá ń kà fún mi.

Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ kọjá wìì. Lẹ́yìn náà ló dúró sójú kan: Wáàsí Rámádàánì, apá kìíní.

"Àǹtí, ibo ni wáàsí yìí wà?"

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀ yìí? Ṣé o ò gbọ́ ni? Èmi kì í ṣí ìsọ̀ láìgbọ́ ọ."

Ó na ìka sí fíláàṣì tó wà lára kọ̀ǹpútà, níwájú mi gan-an, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ètò mi ń wá ṣọ́ọ̀kì nínú ohùn Ààfáà.

"Ẹ yọ ọ́ ná. Màá sọ fún ètò náà kó má débẹ̀ mọ́, ẹ ó sì máa gbọ́ wáàsí yín lọ."

Ó yọ ọ́. Ìsọ̀ pa rọ́rọ́. Mo tẹ bọ́tìnì.

Enoch ò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì síta tí orúkọ ọlọ́jà kan, Roqeeb, fi yọ: ṣọ́ọ̀kì iwájú, méjì.