Ìwọ̀n Tí Rodion Kò Wọ̀n

Rodion Yegorovich ní orúnkún ló ń dun òun. Irọ́ ni, ọ̀lẹ ló mú un.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò nínú ọkọ̀ òkun tó ń fọ́ yìnyín, èyí tí iná átọ́míìkì ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá iléru, kó wọn háídírójìn, afẹ́fẹ́ tí omi iléru máa ń tú jáde. Bó bá pọ̀ jù, ìṣáná lásán tó láti fọ́ yàrá náà túútúú. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ́ di omi padà, àmọ́ ta ní ń fọkàn tán ẹ̀rọ? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní èbúté Murmansk, Rodion ò sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ iye ti àná sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó jókòó ti tíì rẹ̀.

Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń yọ̀ǹda fún wẹ́dà láti tan iná jó irin nísàlẹ̀. Raisa ni wẹ́dà ọ̀hún, Rodion fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ tó fi padà dé láìtan iná. Ó ní òun fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ọwọ́ òun wò ó: márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ti tó kó gbiná.

Vikenty Lvovich, ọ̀gá ẹnjiníà, yẹ ìwé wò níwájú àwọn méjèèjì, inú bí i. Ó ní òdo ni Rodion kọ, ta ni Raisa tó ń bá àgbà jiyàn? Iṣẹ́ ló ń sá fún. Kí Raisa kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ojú ti Rodion, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá wo àgbà tó tẹjú mọ́ ife! Raisa ti gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí Rodion tó dìde.

“Vikenty Lvovich, n ò débẹ̀,” ló wí. “Iye ti àná ni mo kọ.”

Ọ̀gá ò wojú rẹ̀. Fóònù ló gbé, ó ní kí gbogbo èèyàn kúrò nísàlẹ̀, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yàrá náà.

Raisa padà wá, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì.

“Mo mọ̀, Rodion Yegorovich,” ló rọra wí. “Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá iléru wà láti alẹ́ àná. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fúnra yín.”

Ká ní ó tilẹ̀ bú u, ì bá sàn fún Rodion.