Òkúta Inú Balùwẹ̀

"Tún un kà," ni Tíṣà Ọládọ̀tun wí. "Ohùn rẹ kò wọ̀ mí lára."

Ìbíyẹmí gbé ìwé náà sókè, ó sì tún un kà sínú ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ẹ káàbọ̀ síbi ìrántí àwọn akọni tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn bomi rin igi ìṣọ̀kan ilẹ̀ wa. Ẹ dúró níwájú ìdákọ̀ró yìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbi ògiri orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ulé—"

"Ilé!" Tíṣà na ìka sí i. Ọlátúndé tẹ ẹ̀rọ náà dúró. "Ilé ni, ìyàwó, kì í ṣe ulé. Àwọn èèyàn ìjọba ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ń ti Èkó bọ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa rò pé inú oko la ti lọ mú ọ wá ni?"

"Ṣebí inú oko náà lẹ ti mú mi wá, ọkọ mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọlátúndé, ó sì tètè pa ẹnu dé.

Yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé kí igbe ewúrẹ́ má baà wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ooru mú bí ẹni wà nínú ìkòkò. Ọlátúndé yìí, ọ̀dọ́ ọmọ ìlú tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìrántí náà, ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti London dé. Ó ní níbẹ̀, bí èèyàn bá lọ wo ọkọ̀ ogun àtijọ́, kò sí ẹni tí yóò máa mú un kiri. Wọn á gbé ẹ̀rọ kékeré kọ́ ọ lọ́rùn, wọn á fi nǹkan bo etí rẹ méjèèjì, ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì á sì máa sọ fún ọ pé dúró níbí, yà síbẹ̀, wo tibí. Ibi tí ohùn náà bá ní kí o lọ, ibẹ̀ lo máa lọ. Ó ní ohùn opó ọ̀kan nínú àwọn tó kú sójú omi ni òun gbọ́ níbẹ̀, òun sì sunkún bí ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rántí pé Ìbíyẹmí wà láyé.

Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n bá ọkọ̀ ogun ojú omi lọ nígbà ogun abẹ́lé, tí wọn kò padà, ni wọ́n kọ orúkọ wọn sára ògiri náà. Akínwálé ọkọ Ìbíyẹmí ló ṣáájú. Tíṣà Ọládọ̀tun, àbúrò Akínwálé, hẹ́dímásítà, ni alága ìgbìmọ̀. Òun ló kọ ìwé tí wọ́n ń kà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn bí oyin, Ìbíyẹmí sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó bá ń da oyin púpọ̀ sórí nǹkan, nǹkan ọ̀hún ló ti bàjẹ́.

Akínwálé kò ní òkú. Omi ló gbé e lọ. Àpótí rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé: aṣọ funfun, fìlà, àti òòyà tí irun rẹ̀ díẹ̀ ṣì há sí. Bí a ti í ṣe fún ẹni tó kú sọ́nà jíjìn náà ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ilé tó kọ́ sí Òkè-Odò, wọ́n sì sin aṣọ àti irun náà síbẹ̀. Ìbíyẹmí ta kòkó rẹ̀, ó bẹ agbẹ́-òkúta kan láti Ẹ̀fọ̀n lọ́wẹ̀, ọkùnrin náà sì gbẹ́ orúkọ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan. Wọ́n fi òkúta náà lé ojú oórì. Àárọ̀ Sátidé, Ìbíyẹmí a máa fọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí Ọládọ̀tun fi wá sọ pé òun yóò ṣú u lópó. Ìbíyẹmí kọ̀. "Ọmọ tí mo ń gé èékánná fún," ó ní, "kò lè di ọkọ orí ẹní mi." Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Ọládọ̀tun kò gbàgbé. Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó kó ẹrù Ìbíyẹmí síta, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí fún ẹ̀gbọ́n òun, obìnrin kì í sì í jogún ilé. Ìbíyẹmí gbé Olúbùnmi ọmọ rẹ̀ dání, ó lọ sí ahéré bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìjerò. Olúbùnmi kò rí ilé-ìwé parí. Aṣọ ló ń rán báyìí ní Arámọkọ, orí sì bá a ṣe é. Ìbíyẹmí ì bá ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Grace, ìyàwó ayálégbé kan tí Ọládọ̀tun gbà sínú ilé Òkè-Odò náà, bímọ, ó sì ránṣẹ́ pè é kó wá bá òun wẹ ọmọ. Ìbíyẹmí gbé omi lọ sẹ́yìn ilé. Kò rí oórì. Balùwẹ̀ onípáànù ló rí, òkúta pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ rẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dúró lé. Ó gbé garawa sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó ki ìka bọ abẹ́ òkúta náà, ìka rẹ̀ sì kan lẹ́tà.

Ọládọ̀tun kò tilẹ̀ gbé òkúta náà kúrò lójú oórì. Ó kàn yí i dojú délẹ̀ ni, kó má baà ra sìmẹ́ǹtì.

Ìbíyẹmí wẹ ọmọ náà. Ó fi òrí pa á lára. Ó kí Grace kú ewu, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kankan, nítorí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń parí ẹjọ́ opó nínú ẹbí: wọn á ní kó ní sùúrù, wọn á gbàdúrà, wọn á jẹun.

Nísinsìnyí, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fa ohùn níbi tí wọ́n ní kó ti fà á. Nígbà tó parí, Tíṣà nu ojú.

"O rí i? Ọgbẹ́ a máa jinná. Mo mọ̀ pé o kò ní fi tàtijọ́ ṣe."

"Kí ni mo fẹ́ fi tàtijọ́ ṣe, ọkọ mi?"

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, Ìbíyẹmí ní ohùn òun há níbi ìparí, òun yóò fẹ́ tún un sọ nílé láàárọ̀, kí ewúrẹ́ tó jí. Ọlátúndé fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un, ó kọ́ ọ ní bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlátúndé wá gbà á. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ lórí àga ìdáná Ìbíyẹmí. Nígbà tó dé ìparí, ó yọ nǹkan etí náà.

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

"Lọ wẹ̀ níbẹ̀."

Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. "Wọn á lé mi kúrò nínú ìgbìmọ̀," ó ní.

"Ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, mà."

"Kí lo wá fẹ́ sọ nù?"

Ọlátúndé gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ibi ìrántí náà pé. Wọ́n kun ìdákọ̀ró sìmẹ́ǹtì náà ní dúdú, wọ́n ta àtíbàbà sápá òsì, tábìlì jíjẹ mímu wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi láti Èkó, tó ti fẹ̀yìntì, dé nínú aṣọ funfun. Arúgbó gíga kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn aláṣẹ dé láti Àkúrẹ́, obìnrin kan wà nínú wọn. Ọlátúndé gbé ẹ̀rọ kọ́ wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na ọ̀kan sí Tíṣà náà, Tíṣà ní kó fún àlejò. "Èmi tí mo kọ ọ́? Mo mọ̀ ọ́n lórí." Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n.

Wọ́n dúró níwájú ìdákọ̀ró. Wọ́n tẹrí ba. Wọ́n lọ síbi ògiri, oníkálukú fọwọ́ kan orúkọ Akínwálé. Tíṣà ń mi orí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bí òun ṣe kọ ọ́.

Nínú etí wọn, ohùn Ìbíyẹmí yí padà. Kò fà á mọ́.

"Ìwé tí wọ́n kọ fún mi parí síbí. Ọ̀rọ̀ tèmi ló kù. Èmi ni ìyàwó ẹni tí ẹ fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ yìí. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ìdákọ̀ró yẹn àfi yẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí Akínwálé wà, ẹ jáde lẹ́nu géètì, ẹ yà sọ́tùn-ún. Kò jìnnà."

Àwọn àlejò wojú ara wọn. Ọ̀gá ológun ló kọ́kọ́ ṣí ẹsẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá!" Tíṣà ké. "Ọwọ́ òsì ni! Abẹ́ àtíbàbà ni!"

Wọn kò gbọ́. Ó sáré bá obìnrin Àkúrẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni ń bẹ ọmọdé pé kó dákẹ́ díẹ̀, òun ń gbọ́rọ̀.

Wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ń sá kòkó, àwọn tó ń tú kòkó náà nàró wò wọ́n. Ẹnì kan bèèrè pé, "Ṣé adití ni gbogbo wọn ni?" Ẹlòmíràn ní, "Adití kọ́. Àwọn lọ́gàálọ́gàá ìjọba ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ máa bọ̀," ni ohùn náà ń wí. "Ilé olófèrèsé búlúù tí ẹ ń wò lókè yẹn, owó oṣù Akínwálé la fi kọ́ ọ. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Ulé mi ni. Ẹ má kan ilẹ̀kùn. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ ó rí balùwẹ̀ onípáànù. Bí ẹnì kan bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù kó ṣe tán. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Ẹnì kan ń wẹ̀ lóòótọ́, ó ń kọrin. Àwọn ẹni ńlá náà dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà dídán. Nígbà tí ọkọ Grace yọ jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, tó rí àwọn èèyàn ìjọba tó tò bí ẹni ń dúró de oúnjẹ, ariwo tó pa jí adìẹ tó ń sàba lórí ẹyin.

"Òkúta tó wà nílẹ̀ yẹn," ni ohùn náà wí, "ẹ yí i padà."

Ọ̀gá ológun bọ́ fìlà rẹ̀, ó fún obìnrin Àkúrẹ́ náà mú. Ó ká ọwọ́ aṣọ funfun náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni Tíṣà dé, òógùn bò ó.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà! Ibẹ̀ dọ̀tí!"

Ọ̀gá náà yọ nǹkan kúrò létí kan. "Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán," ó ní, ó sì dá a padà.

Wọ́n yí òkúta náà. Ekòló ń jà lábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ àti ewéédò ti bo ojú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣeé kà. Ìbíyẹmí yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀lú garawa omi àti kànìnkànìn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé nígbà kan rí. Lẹ́tà ń yọ níkọ̀ọ̀kan: AKÍNWÁLÉ. ỌMỌ OGUN OJÚ OMI. ÌYÀWÓ RẸ̀ LÓ GBÉ E SÍBÍ.

Arúgbó náà nàró ṣánṣán nínú omi ọṣẹ, ó gbé ọwọ́ sí orí, ó kí òkúta náà bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá.

"Ọkùnrin tó ń làágùn lẹ́yìn yín yẹn," ni ohùn náà wí nínú etí gbogbo wọn, tí Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ kò gbé ojú sókè, "àbúrò rẹ̀ ni. Akínwálé ló rán an níwèé tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn. Balùwẹ̀ tirẹ̀ wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ mi ti parí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa."

Bọ́tìnnì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Ẹ gbọ́, sà," ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀, "àlàyé tó jinlẹ̀ wà, tó jẹ mọ́ àṣà àti—" Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń lọ. Kò sẹ́ni tó yà sábẹ́ àtíbàbà. Àwọn ọmọ ìlú ló jẹ oúnjẹ náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ìjọba kò bi Tíṣà ní nǹkan kan. Hẹ́dímásítà náà ló ṣì jẹ́, orí ìjókòó iwájú náà ló ṣì ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ayálégbé kò wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kó jáde níkọ̀ọ̀kan, Grace ló ṣáájú. Kásẹ́ẹ̀tì náà bí ọmọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ ní Arámọkọ. Awakọ̀ ń fi í sínú ọkọ̀ lọ sí Ìjerò, àwọn èrò á sì bọ́ sílẹ̀ ní Òkè-Odò, wọn á yà sọ́tùn-ún, wọn á lọ wo ẹ̀yìn ilé Tíṣà. Àwọn àgbà ẹbí lọ bẹ Ìbíyẹmí. Ó fún wọn lómi mu, ó ní òun ti gbọ́.

Níkẹyìn, Ọládọ̀tun fúnra rẹ̀ wá sí ahéré lọ́nà Ìjerò. Oòrùn ń wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi. Gba ilé rẹ. Ṣáà bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n pa kásẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́."

Ìbíyẹmí gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ẹ̀rọ Ọlátúndé, tí ọmọ náà tún fi sílẹ̀ fún un, ló gbé dání. Ó gbé e ka orí àpótí láàárín àwọn méjèèjì, ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ́ ọ. Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn bí ìyàwó, kò pe orúkọ ọkùnrin yìí rí.

"Tún un sọ, Ọládọ̀tun," ó ní. "Ohùn rẹ kò wọ̀ mí lára."