Ìbò Kan Tó Sọnù

Wúrà tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ohun tó wà nínú ìkànnì ìdìbò náà sì tú síta lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ Oríọlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ìbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó bí iye yẹn ńkọ́? Ó wá a títí, kò rí i. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìbò kan ṣoṣo ni Oríọlá fi gba ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Oǹdó. Ayọ̀kúnlé tó ṣe ìkànnì náà ló sì ń kọ́ni ní PHP, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní kíláàsì yìí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀kọ́ kọ́ ló gbé Wúrà wọ mótò láàárọ̀ o. Olè ló wá mú.

"Ẹ ò lè rí i níbẹ̀, mà." Ayọ̀kúnlé ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn tá à ń pè ní sáfà ni PHP ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìdáná nìyẹn. Oúnjẹ tó ti jinná ni wọ́n gbé wá síwájú yín."

"Èèyàn sì lè bu májèlé sí i nílé ìdáná."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí Wúrà nínú.

"Ẹ jẹ́ ká wọ ibẹ̀ nígbà náà, mà."

Ó ṣí kóòdù ìkànnì náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí sáfà ń tẹ̀ lé, fún un. Olùkọ́ ìṣirò ni Wúrà, kò kánjú. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá tẹ orúkọ rẹ̀, wọn a fi ẹyọ kan kún tirẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti ṣojúsàájú, kò sí.

"Àwòkọ ìkànnì náà nìyí," ni Ayọ̀kúnlé wí. "Ẹ dìbò bí ẹ ṣe dì í lọ́jọ́ náà."

Wúrà na ìka, ìka náà dúró lófuurufú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Bí ìwọ àti ẹnì kan bá jọ ń du ipò, ẹnì kejì rẹ ni kí o dìbò fún. Ó ti rò pé Oríọlá náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun.

Ó tẹ orúkọ Oríọlá. Ẹyọ kan lé lórí ti Oríọlá, tirẹ̀ dúró síbi tó wà. Olùkọ́ ìṣirò kò nílò kọ̀ǹpútà láti ṣe ìyókù.

"Ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, mà?"

"Ó ṣiṣẹ́," ni Wúrà wí, ó sì rọra ká ìka náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́.