Àga Bàbá Wa Lábẹ́ Ìdérí Ọkọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo mọ òwe yìí dunjú, ṣùgbọ́n n kò lò ó lọ́jọ́ tí mo ní kí àbúrò mi, ajórin, bá mi de irin ìkẹ́rù mọ́ orí ìdérí ike tó bo ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi. Káfíńtà ni mí. Mo fẹ́ kí pákó wà lókè, kí àga wà lábẹ́, kí òjò má pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdérí ò lè gbé pákó. Ẹ jẹ́ kí n lu ihò sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹsẹ̀ irin gba ibẹ̀ dúró lórí ara ọkọ̀."

"Ìdérí tuntun lo fẹ́ lu? Ìwọ tí mo pọ̀n, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lẹ́rù gbígbé!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Pákó." Ó ṣe é bí mo ṣe wí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kó sí kòtò. Ìdérí là sí méjì, gbogbo pákó já lu àga màmá tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tún ṣe. Ọwọ́ olóògbé bàbá wa ló kan àga náà, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mìíràn nílé. Ó fọ́ yángáyángá.

Mo bẹ Ọlọ́run lọ́nà títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Ó wo inú ọkọ̀, kò sọ pé "ṣebí mo wí." Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Àbúrò mi, o jàre. Jọ̀wọ́, bá mi lọ sọ fún màmá."