Ìwé Tí Omi Pa Rẹ́

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Hámzàt àti Gàrúbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá wọn, Alfa Abdulkareem ti Àpòmù, ti kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sórí tákàdá kan kó tó kú. Ìgbà tí wọ́n máa ṣí i, omi ti bà á jẹ́, tàdáwà tó fi kọ ọ́ ti ṣàn tán. Hámzàt ní Gàrúbà ló da omi sí i, pé ó mọ̀ pé òun Hámzàt nìkan ni bàbá fún nílé. Níbi ìsìnkú, bí Gàrúbà ṣe bọ́ síwájú láti ṣáájú ìrun òkú, Hámzàt fà á sẹ́yìn níṣojú gbogbo jámáà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Gàrúbà kó lọ sí Orílẹ̀-Òwu.

Fàtíà, ọmọ Hámzàt, kò tíì dáyé nígbà náà. Ó wá ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ báyìí ní yunifásítì, kámẹ́rà ló sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ̀rọ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún àwọ̀, tó ń rí ohun tí ojú èèyàn kò lè rí, ti wà tipẹ́, àmọ́ ó tóbi bí àpótí aṣọ, owó rẹ̀ sì tó kọ́ ilé. Fàtíà yọ kámẹ́rà inú fóònù kan tó ti fọ́, ó lẹ rọ́bà tín-ín-rín kan tó ní àmì wínníwínní mọ́ iwájú rẹ̀. Rọ́bà náà á da ìmọ́lẹ̀ rú, kọ̀ǹpútà á wá fi ìṣirò tú u sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná méjì lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n yẹ ìwé bàbá àgbà wò."

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Omi ti gbé e lọ."

"Dúdú rẹ̀ lomi gbé lọ. Ohun tí wọ́n fi se tàdáwà náà ṣì lè wà lára tákàdá."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ya àwòrán tí kò rí nǹkan kan ju ìdọ̀tí lọ. Ó ra gílóòbù mìíràn n'Ìkirè láti fi tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìwé náà, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Lẹ́ẹ̀keje, lẹ́tà Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà. Hámzàt wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á sókè: "Ilé yìí, ti àwọn ọmọ mi méjèèjì ni. Gàrúbà ni kó kírun sí mi lára."

Ó nu awò náà, ó tún un kà. Kò sí ohun tí Gàrúbà ì bá tìtorí rẹ̀ da omi síwèé. Òrùlé yàrá bàbá wọn sì ń jò nígbà náà, gbogbo wọn ló mọ̀.

"Fàtíà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á sẹ́yìn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ̀nà Orílẹ̀-Òwu. Gàrúbà jókòó síwájú ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta. Hámzàt dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Hámzàt ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ yín."

Fàtíà kúnlẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sí i létí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Gàrúbà wí. "Bàbá ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn, Hámzàt. O ní irọ́ ni mò ń pa."

"Ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ tipẹ́. Ìrun yẹn ni mi ò lè kí mọ́. Òun ló ń dùn mí." Ó yíjú sí ibi tó ti gbóhùn Fàtíà. "Ọmọ mi, tún un kà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fàtíà kà á. Gàrúbà kò bá wọn padà sí Àpòmù lọ́jọ́ náà, kò sì dá ọjọ́ tó máa wá. Ó kàn ní kí ìyàwó òun bu oúnjẹ wá, òun àti àbúrò rẹ̀ sì jẹun nínú abọ́ kan náà.