Àyè Tó Ṣófo ní Sáfù Kejì

Ní ọdún 2006, iléeṣẹ́ méjì ní Dublin ń bá ara wọn du ohun kan ṣoṣo: ẹ̀rọ tí yóò máa ronú fúnra rẹ̀, tí ọgbọ́n rẹ̀ yóò ju ti ọmọ ènìyàn lọ. Nosiru ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan, Àlíyù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní èkejì. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń ríra, ní sáfù kejì, ìlà kejì àwọn tó ń kírun nínú mọ́sálásí, èjìká kan èjìká.

Nígbà tí ìyàwó Nosiru bímọ, kò lè wá kírun. Àlíyù rí àyè rẹ̀ tó ṣófo, kò mọ̀ pé ọmọ ni. Ó sọ níbi iṣẹ́ pé àwọn Nosiru ti fẹ́ẹ́ parí iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ní Jímọ̀ kejì, Àlíyù ni kò wá. Nosiru ròyìn rẹ̀, ẹ̀rù ba ọ̀gá tirẹ̀ náà, ó pa àyẹ̀wò tó kù tì, èyí tí yóò fi hàn bóyá ẹ̀rọ náà á dúró bí a bá ní kó dúró. Láti ọjọ́ náà ni Nosiru kò ti rí oorun sùn.

Nígbà tí Àlíyù rọ́nà jáde tí wọ́n ríra, tí ọ̀rọ̀ tú pé ọmọ ni Nosiru bí, ojú tì wọ́n. Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ rí ejò kankan.

"Jẹ́ ká bá àwọn ọ̀gá wa sọ̀rọ̀," ni Nosiru wí. "Tá a bá ríra ní Jímọ̀, àmì pé iléeṣẹ́ méjèèjì ti dúró ṣe àyẹ̀wò nìyẹn."

Ọ̀gá rẹ̀ gbà tipátipá. Bí Àlíyù kò bá yọjú, wọn á tan ẹ̀rọ.

Jímọ̀ pé, Lèmọ́mù ti gun mínbárì, àyè Àlíyù ṣófo. Nosiru mọ̀ pé Rush, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Dublin, ni ọ̀rẹ́ òun ń gbé, pé ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ kì í ṣe é gbára lé. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà, ìfura sì ti gbà á lọ́kàn. Ó jáde, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Kò wá."

Kò tíì ki fóònù bọ àpò tí Àlíyù fi sáré yọ, fìlà lọ́wọ́.

"Train yẹn ló pẹ́, jàre. Àwa ti dúró o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Nosiru tún pe ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá ní ó ti tàn, ta ló mọ̀ bóyá àwọn Àlíyù náà ti tan tiwọn, ta ló máa kọ́kọ́ pa tirẹ̀?

Wọ́n ń pe ìkámà, ìpè ìkẹyìn kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, nínú mọ́sálásí. Àlíyù kò bá a jà. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ láti sọ fún un pé ẹ̀rọ àwọn Nosiru ti tàn.